Hẹ́ẹ̀dì Kẹrin

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlá ni ògiri kan ṣoṣo fi wà láàárín àwa méjèèjì ní Kàbà, èmi Fúnmi nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, Ọlábímtán nídìí rédíò àti fídíò tó ń tún ṣe. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún un lónìí, ẹ ó bá a lórí àga rẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ yín á wà lórí itan rẹ̀, kò ní tíì tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ó ń gbóòórùn rẹ̀ ni.

Mi ò ṣàwàdà. Kò sí ẹ̀rọ tí Ọlábímtán máa tú kó má kọ́kọ́ gbé imú sí i. Ó ní ẹ̀rọ tó jóná ní òórùn tirẹ̀, èyí tí omi wọ̀ ní tirẹ̀, èyí tí aáyán fi ṣe ilé náà sì ní tirẹ̀. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí gbogbo ẹni tó mọ ìwé díẹ̀ ń sáré lọ sí Lọ́kọ́ja lọ wá iṣẹ́ ìjọba, òun kúkú kó irinṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ wálé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bá wọn lọ. Ó rò ó títí, ó ní, "Àǹtí Fúnmi, bí iṣẹ́ ìjọba bá bàjẹ́, èèyàn ò lè tú u wò."

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á pè é ní ọ̀lẹ. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n gan-an náà ti pè é bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọdún 1998, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ó fi ọ̀já pọn ẹ̀rọ fídíò sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Monica lorúkọ rẹ̀, ahunṣọ ni, Ògìdì ló ti ń bọ̀.

"Okun o, ẹ̀yin ará ibí."

"Okun o, Ìyé. Ẹ kú ọ̀nà," mo dáhùn. Ìyá là ń pè ní Ìyé lọ́dọ̀ wa.

Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, Ẹniolúwa, ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i láti Kàdúná nígbà Kérésì. Ó ti ń fi eré hàn wọ́n dáadáa. Lánàá ló ṣàdédé ṣíwọ́ àwòrán, tí ojú tẹlifíṣọ̀n wá ń hó funfun bí omi ọṣẹ, wọ́n sì sáré pa á. Monica kò sọ téèpù tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ṣíwọ́, Ọlábímtán náà kò sì béèrè. Ohun tí Monica sọ ni pé ìgbéyàwó Ìdùnnúolúwa, ọmọ òun kékeré, ku ọjọ́ méjìlá, àti pé bí ẹ̀rọ yìí ò bá ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé, òun gbé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọmọbìnrin kì í ti ilé baba rẹ̀ jáde lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé baba gbé ọwọ́ lé e lórí, kó wúre fún un. Bí baba bá ti kú, àbúrò baba á ṣe é, ọ̀rọ̀ sì bù ṣe. Ṣùgbọ́n Monica ti ṣe ìlérí. Ọdún 1985 ni Lájídé ọkọ rẹ̀ kú, nígbà tí Ìdùnnúolúwa wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, ọmọ náà fa ìró ìyá rẹ̀, ó ní, "Ta ló máa wúre fún èmi?" Monica ní, "Baba rẹ ni. Ó ti wà nínú téèpù."

Òótọ́ sì ni. Ní ọdún tó ṣáájú, níbi ìgbéyàwó Ẹniolúwa, àbúrò Lájídé kan gbé kámẹ́rà wá láti Kàdúná, ó gba ojú àti ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń wúre. Ó fi téèpù náà ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi wò ó nígbà náà, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó rí. Mùsùlùmí ni Lájídé, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni Monica ń lọ, àmọ́ ìwúre baba ò mọ èyí tó ń jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Ọdún mẹ́tàlá ni Monica fi gbé téèpù náà pamọ́ de ọmọ rẹ̀.

Ọlábímtán gbóòórùn ẹ̀rọ, ó tú u. Irin róbótó kan wà nínú fídíò tó ń dán, tó máa ń yí bírí, òun ló ń ka àwòrán lára téèpù. Hẹ́ẹ̀dì làwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ti Monica ti ha, kò sì ṣeé tún ṣe, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ibi tí a ti ń pààrọ̀ yìí gan-an ni Ọlábímtán ti máa ń pa èèyàn lẹ́kún. Oríṣi hẹ́ẹ̀dì méjì ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní Lọ́kọ́ja. Ọ̀kan jẹ́ tuntun nínú ọ̀rá, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó bá gbogbo fídíò mu. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, inú ẹ̀rọ tó bá ti Monica jẹ́ oríṣi kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọlábímtán gbé méjèèjì wálé, ó tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn, ó ń wò wọ́n láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Mo ní, "Ra tuntun, ká lè sinmi." Ó ní aṣọ tí wọ́n bá rán fún gbogbo èèyàn, ṣé èmi télọ̀ máa wọ̀ ọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Ó fi tòkunbọ̀ sí i. Téèpù bọ́ọ̀lù kan wà tó fi máa ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò, gbogbo àdúgbò ló sì ti mọ góòlù tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Góòlù wọlé, àwòrán mọ́ gaara. Ní Ọjọ́bọ̀, Monica dúpẹ́, ó pọn ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì ó padà. Àwòrán ti tún ṣíwọ́.

"Kái! Ọlábímtán, ṣé irú iṣẹ́ tí o kọ́ ní Kàdúná nìyí?"

Èmi náà bá a dá sí i, mo ní ṣebí mo ti wí. Ọlábímtán gbé ẹ̀rọ lé itan. Ó tú u, hẹ́ẹ̀dì ti ha. Ó wá fi hẹ́ẹ̀dì tuntun inú ọ̀rá sí i. Góòlù wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, Monica gbé ẹ̀rọ lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun náà nìyí.

Nígbà yẹn àwọn ará ọjà ti ń pe ọkùnrin náà ní Apafídíò. Ẹnì kan wá kó rédíò rẹ̀ lọ láìtíì tún un ṣe. Inú mi kò dùn sí i, nítorí bí ìyà bá tọ́ sí i, èmi ló yẹ kó máa fi jẹ ẹ́, kì í ṣe àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́tẹ̀ yìí Monica kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ mi á máa rò pé láti ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń purọ́ fún òun." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo kúrò nídìí máṣíìnì mi, mo lọ jókòó tì í.

Ọlábímtán wá béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè ní ọjọ́ kìíní. "Ìyé, téèpù wo lẹ máa ń fi sí i tó fi ń ṣíwọ́?"

"Èwo ni ì bá tún jẹ́? Ti baba wọn ni."

"Ẹ gbé e wá fún mi lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ìdùnnúolúwa jọ dé. Aṣọ tí Monica fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló fi we téèpù náà. Ọlábímtán tú aṣọ, ó gbé téèpù sí imú, ó dijú. Ó pẹ́ kó tó là á.

"Ìyé, níbo lẹ gbé e pamọ́ sí?"

"Ibi tí mò ń gbé ohun tí mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ sí. Àjà."

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí abúlé mọ àjà, pẹpẹ òkè ààrò tí èéfín ti ń rú lu àgbàdo irúgbìn tọ̀sán tòru, kí kòkòrò má bàa débẹ̀. Láàárín àgbàdo irúgbìn yẹn ni téèpù wà láti ọdún 1985.

"Kòkòrò kan ò fọwọ́ kàn án," Monica wí, ó fi ìyangàn sọ ọ́ gan-an ni.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé èmi nìkan ni, ojú sì tì mí. Ọlábímtán wo Monica, ó ní, "Ẹ tọ́jú ẹ̀, Ìyé. Irúgbìn lẹ kà á sí. Ẹ̀bi tèmi ni. Mò ń gbóòórùn ẹ̀rọ, mi ò béèrè ohun tó ń jẹ." Ó fi èékánná fa etí téèpù, eruku dúdú bá a wá. Ó ní èéfín àti eruku àgbàdo yìí ló ha hẹ́ẹ̀dì mẹ́ta náà, ti inú ẹ̀rọ gan-an àti méjì tí òun fi sí i, àti pé ó di dandan kí a nu téèpù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Spírítì ni wọ́n máa fi nù ún, àti aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ kì í bọ́. Aṣọ òwú tí Monica hun kò ṣeé lò, fọ́nrán rẹ̀ máa ń bọ́. Àjákù aṣọ dídán tí mo fi ń tẹ́ inú kóòtù ni mo kó fún wọn. Monica sì ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun fọwọ́ kàn án. Ẹ wo ọwọ́ obìnrin náà! Ọwọ́ tó ti ń ká òwú láti kékeré ni, kì í fà, kì í dẹ̀. Ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń nù ún, ó ń ká a, látọ̀sán Ọjọ́rú di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ìdùnnúolúwa ń pààrọ̀ aṣọ fún un bí ó bá ti dúdú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sùn.

Hẹ́ẹ̀dì wá ńkọ́? Kò sí òmíràn ní Lọ́kọ́ja, kò sì sí àyè láti lọ sí Ìlọrin. Èyí tó kù ní gbogbo àdúgbò ni èyí tó wà nínú fídíò Ọlábímtán fúnra rẹ̀, èyí tó fi ń dán iṣẹ́ wò, tó fi ń jẹun.

Ó sọ ojú abẹ níkòó fún wọn. "Téèpù yìí ti mọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́ tán. Hẹ́ẹ̀dì mi lè là á já lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè má là á já rárá. Ohun kan wà. Ohùn ò gba ara hẹ́ẹ̀dì yìí, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ohùn nìkan, ẹ̀rọ tiyín yìí náà á sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù nǹkan kan."

"Ohùn tó," Monica wí kíá. "Ire ni a fẹ́ gbọ́. A kì í wo ire."

Mo mí kanlẹ̀. Ìdùnnúolúwa bá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Ìyé, ẹ jọ̀ọ́. Fọ́tò wọn nìkan ni mo mọ̀, wọn ò mí nínú ẹ̀. Mo fẹ́ rí wọn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀."

Mo ń ṣẹ́jú sí Ọlábímtán lẹ́yìn wọn pé kó má dán an wò. Ọkùnrin tó fi odindi òwúrọ̀ yan hẹ́ẹ̀dì, tí mo ti fi gbogbo ẹnu bú, kò fi ìṣẹ́jú kan yan èyí. Ó ki téèpù bọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ó hó funfun, ìlà dúdú gba inú rẹ̀ kọjá, ni agbo ilé kan ní Ògìdì bá yọ. Lájídé jókòó lórí àga nínú agbádá funfun. Ẹniolúwa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, Monica kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́ sì ni Monica nígbà náà. Gbogbo èèyàn ló dijú. Baba gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Ẹniolúwa lórí. Ohùn rẹ̀ wúwo, kò yára.

"Omi tí o bá pọn kò ní dànù. Iná tí o bá dá kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín."

Ọmọbìnrin kékeré kan nínú bùláòsì pupa rìn wọ inú àwòrán, ó di ẹ̀pà sọ́wọ́. Ó rìn lọ bá baba, ó fara ti orúnkún rẹ̀. Lájídé la ojú kan, ó rí i. Kò dákẹ́ ìwúre. Ó kàn gbé ọwọ́ òsì, ó gbé e lé e lórí, ó sì pa ojú náà dé. "Ilé tí o ń lọ á gbà ọ́. O ò ní sunkún padà wá." Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ló wà títí ó fi ṣe àmín ìkẹyìn. Ọmọ náà ju ẹ̀pà kan sẹ́nu, ó sáré lọ.

"Mo wà níbẹ̀," Monica ń wí. "Mo wà níbẹ̀, mo dijú. Gbogbo wa la dijú, a ò rí ọwọ́ tó gbé lé ìwọ náà lórí."

Ìdùnnúolúwa gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé orí ara rẹ̀, ó sì ń sunkún. Ojú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hó funfun.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọlábímtán fi téèpù bọ́ọ̀lù rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọkùnrin inú rẹ̀ pariwo góòlù, ṣùgbọ́n a ò rí bọ́ọ̀lù, a ò rí ilé góòlù. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan, ó gbé imú sí i. Mi ò bú u.

Ní Sátidé a jọ lọ sí Ògìdì. Àbúrò Lájídé gbé ọwọ́ lé Ìdùnnúolúwa lórí, ó ní kí gbogbo èèyàn dijú. Wọ́n dijú. Èmi ò di tèmi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Ọlábímtán náà ò di tirẹ̀, Monica náà sì kúnlẹ̀ níwájú wa, ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀.