Ààwẹ̀ Nítorí Abẹ́rẹ́

Tí ọkọ èèyàn bá jẹ́ ọ̀mùtí, ó kéré tán, aládùúgbò á báni bá a wí. Pak Deraman kò mọ bí ọtí ṣe ń rùn. Tíì ló ń mu, ní ṣọ́ọ̀bù Anifah lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní ìlú Pasir Mas, tíì tí mílíìkì agolo pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró. Ife mẹ́fà lóòjọ́. Tó bá délé, á tún bi Mak Siah, ìyàwó rẹ̀, bóyá akok ṣì kù, àkàrà ẹyin àti àgbọn tó dùn bí oyin yẹn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Dókítà Puspa wo àwòrán inú rẹ̀, tó ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ńṣe ni Pak Deraman fò dìde.

"Èmi? Èmi tí mo ń pe ìrun? Ẹ lọ wá àwọn ọ̀mùtí lọ!"

"Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ̀dọ̀ kì í béèrè bóyá inú ìgò lohun tẹ́ ẹ mu ti wá tàbí inú ife tíì. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù, ọ̀rá ló ń sọ ọ́ dà."

Dókítà ní kò sí oògùn tí òun fẹ́ kọ. Kó fi tíì aládùn sílẹ̀, kó dín ìrẹsì kù sí ìdajì, kó máa rìn lójoojúmọ́ títí òógùn á fi bọ́, kó rọra sọ kílò méje nù. Tó bá di oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Mak Siah, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Seman, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ẹ̀dọ̀ náà le bí èèpo àgbọn, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mak Siah ló ń fọ aṣọ rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ sin. Kò fẹ́ fọ irú aṣọ yẹn mọ́ láyé.

Ṣùgbọ́n awakọ̀ akẹ́rù ni Pak Deraman kó tó fẹ̀yìn tì, ohun tó sì fi ṣe ọkọ̀ ló fi ń ṣe ara. Nígbà yẹn, tí ọjọ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ bá ti kù dẹ̀dẹ̀, á lọ yá táyà tuntun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, á wọlé, á yege, á dá táyà padà kí oòrùn tó wọ̀. Bó ṣe ṣe tẹ̀dọ̀ náà nìyẹn. Tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, á gbààwẹ̀, á máa jẹ kùkúńbà bí ehoro, á máa rìn lọ sétí odò. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀. Iye tó ń fi ìpalára ẹ̀dọ̀ hàn nínú ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ méjìlélọ́gọ́rin, wá di mẹ́tàdínláàádọ́ta, ló bá gbé ìwé lọ fi han Anifah.

"Wò ó! Mo yege. Pò ó kó dùn."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú Mak Siah, ló bá dá lọ bá dókítà.

"Dókítà, ìwé yín ń parọ́ fún mi."

"Kì í parọ́, Ìyá. Igbe tí ẹ̀dọ̀ ń ké lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Ọmọ tó dákẹ́ ẹkún, ebi ṣì lè máa pa á. Ẹ̀rọ kan wà tí a máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ìyẹn ló máa sọ bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ẹ̀dọ̀ ti ń le. Kó má ṣáà jẹ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́ta kó tó wá."

"Èmi ni kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ fún. Ẹ má pè é."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Tó bá béèrè, mi ò ní purọ́ fún un o."

"Béèrè kẹ̀? Ọkùnrin yẹn?"

Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò náà, Mak Siah ní oúnjẹ ti tán nílé, kí ọkọ òun gbé òun lọ ra ẹja. Ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. Bí wọ́n ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Anifah, Pak Deraman dín eré kù.

"Jẹ́ kí n mu ife kan péré."

"Ẹja á tán, ọkọ mi. Ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìyàwó ní kó yà sí ló yà sí. Ìgbà tó rí ọgbà ọsibítù ló pa ẹ́ńjìnnì.

"Siah, ṣé ibí ni wọ́n ti ń ta ẹja?"

"Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ǹ bá ti múra sílẹ̀!"

"Ẹ múra kí ni? Táyà ta lẹ tún fẹ́ yá? Àbí ẹ rẹ́ni tó ń yáni lẹ́dọ̀?"

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà fọwọ́ bo ẹnu. Ojú ti Pak Deraman láti yí padà. Nígbà tí dókítà bi í bóyá ó gbà kí wọ́n ṣe é, ó ní kí wọ́n ṣe é kíá, ebi ń pa òun. Ẹ̀rọ náà ń kan ìhà rẹ̀ tọ̀, tọ̀, tọ̀, bí àlejò tó ń kanlẹ̀kùn.

"Bàbá, ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ yín. Ẹ̀dọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, àmọ́ kò tíì jìnnà. Tẹ́ ẹ bá sọ kílò méje yẹn nù, tẹ́ ò sì jẹ́ kó padà wá, ó lè rọ̀."

"Ìwé ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́? Mo yege!"

"Ẹ̀yin lẹ yege. Ẹ̀dọ̀ yín ò sí níbẹ̀."

Pak Deraman wo ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bíi ti Seman?"

"Ọ̀nà kan náà ni," Mak Siah ní. "Seman rìn ín dópin. Ẹ̀yin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ni. Ẹ yà kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, wọ́n yà sí ṣọ́ọ̀bù Anifah.

"Pak Der, ṣé kí n po bó ṣe máa ń rí?"

"Tíì lásán. Má fi nǹkan kan sí i."

Anifah wo ojú Mak Siah, bóyá orí ọkọ rẹ̀ ti yí. Ó gbé e wá. Pak Deraman mu ún, ó sì fa ojú ro.

"Omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò nìyí."

"Ẹ gbé e mì."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ọjọ́ wà lọ́wọ́ mi."

"Mo ní ọjọ́ wo?"

"Ó lè jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Ó lè jẹ́ Ọjọ́rú."

"Ìwà èèyàn lo hù yìí, Siah? Màá bi dókítà fúnra mi."

"Ẹ lọ bi í. Kò ní purọ́ fún yín. Òun náà á kàn ní kẹ́ ẹ gun ìwọ̀n."

Kò lọ. Nírọ̀lẹ́, ó wọ bàtà, ó ń kùn, ó jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà.

"Ṣé ọ̀la ni?"

Mak Siah ń wọn ìrẹsì lọ ní tirẹ̀. Pak Deraman pòṣé, ó gba ọ̀nà odò lọ. Nígbà tó fi máa dé, òógùn ti mú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó jókòó sídìí àwo, ìdajì ìrẹsì tó máa ń jẹ ló bá níbẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn."