Omi Tí Hàwáwù Fi Gún Alfa Rájí Lábẹ́rẹ́

"Màmá, ẹ má dúró dè mí jẹun o! Màá kọ́kọ́ yà kí Alfa." Orí àtẹ̀gùn ni Hàwáwù ọmọ mi ti sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mọ́tò gbá a ní Ìdúmọ̀tà, lọ́dún 1957. Ọdún mẹ́rin péré ló fi ṣe nọ́ọ̀sì.

Alfa Rájí ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú, lẹ́yìn Ìga Ìdúngànrán. Tí ibà bá mú ọmọ, yóò kọ àyà Kùránì sára wàláà, yóò fi omi fọ̀ ọ́, ọmọ á mu omi náà. Hàwáwù mu ún títí tó fi dàgbà.

Ní oṣù tó ṣáájú, egbò ẹsẹ̀ gbé Alfa dé wọ́ọ̀dù Hàwáwù. Mo gbé ẹ̀kọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Alfa tó ń wa eyín pọ̀, òógùn bò ó. Hàwáwù gbé abẹ́rẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó gún un. Kò pẹ́, ojú Alfa rọ̀, ó ní:

"Ọwọ́ rẹ fúyẹ́, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì àná yẹn, àfi bíi pé àpò gàrí ló ń rán!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Alfa jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta.

Nílé, mo bi Hàwáwù pé oògùn wo ló tètè ṣiṣẹ́ báyẹn.

"Omi ni, Màmá. Omi lásán. Dókítà ló ní ká dán an wò, torí Alfa ń bèèrè abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́."

"Sùbùhánálláhì! Ó kàn ń díbọ́n ni?"

"Ohun táwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ nìyẹn, wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Ṣé ẹ ò rí òógùn yẹn ni? Ìrora gidi ni. Ó sì lọ lóòótọ́."

Orí mi wú. Mo bi í, omi wàláà ńkọ́?

"Èmi náà mu ún, Màmá. Ara mi sì yá."

Títí dòní, tí mo bá bu omi sí ife, mo máa ń wò ó kí n tó mu ún. Kí ni Ọlọ́run kò fi pamọ́ sínú ara ènìyàn?

Ara Alfa yá, ó padà sílé. Jímọ̀-Jímọ̀ ló ń ṣàdúà fún Hàwáwù nítorí oògùn náà, ìyẹn ló sì ń jẹ ọmọ mi lọ́kàn. Ó ní òun tan olùkọ́ òun jẹ, òun á jẹ́wọ́, kó lè forí ji òun. Ohun tó fẹ́ torí ẹ̀ yà kí i lọ́jọ́ tí mọ́tò gbá a nìyẹn; kò sì dé ibẹ̀.

Alfa ló kírun sí òkú rẹ̀ lára. Ó ṣì ń sọ fáwọn àlejò pé kò sí oògùn bíi ti Hàwáwù. Mi ò tíì sọ fún un.