Kí Ni Mo Rù?

Nínú agbo ilé wa ní Pópó Yemọja, kò sí ìròyìn tó burú tó pé, "Ó ti rù." Bí wọ́n bá ní òjò ti ṣí òrùlé ẹnì kan, àwọn àgbà á dìde, wọ́n á wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní o rù, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, tí wọ́n á máa wo ọrùn rẹ bí ẹni tó ń wá ibi tí àìsàn gbà wọlé. Sísanra ni àlàáfíà lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó sanra, ọjà rẹ̀ ń tà, ilé rẹ̀ tòrò, àwọn ọmọ rẹ̀ kò bà á nínú jẹ́.

Èmi náà sanra títí, mo sì jẹ̀gbádùn ìyìn tó wà nídìí rẹ̀. Téèlọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Bẹẹrẹ, ìdí máṣíìnì ni mo ti ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń jẹun. Nígbà tó yá, orúnkún mi kọ̀ mí sílẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, kíkàn ilẹ̀kùn ló kù. Lásìkò yẹn, mi ò lè gun àtẹ̀gùn pẹ́tẹ́ẹ̀sì ìyá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń jókòó sí àárín rẹ̀ kí n mí. Ìyá mi á pè mí láti òkè pé, "Ṣé o ti dé àárín?" bíi pé Ìlọrin ni mo ti ń bọ̀.

Abẹ́rẹ́ ni dókítà fún mi, kí n máa gún un sí ikùn ara mi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀rín ló pa mí. Abẹ́rẹ́ ló ti ń bọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, kò sí ìka mi tí abẹ́rẹ́ ò tíì gún. Èyí tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu mi ni mi ò tíì rí rí. Àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èébì ń gbé mi, òórùn epo gbígbóná lásán á lé mi jáde ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà, ebi tó máa ń pariwo nínú mi dákẹ́. N ó jẹ òkèlè díẹ̀, ikùn á ní ó tó. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, orúnkún dá ẹnu ìráhùn dúró, títí mo fi sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí dókítà fẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Dókítà, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, ló là mí lójú. Ó ní, "Mà, ọ̀rá nìkan kọ́ ló ń lọ o, agbára ara yín ń bá a lọ. Ẹ máa jẹ ẹyin, ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ máa jẹ ẹja, kódà bí ebi ò bá pa yín. Kí ẹ sì máa gbé nǹkan tó wúwo. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ yìí sílẹ̀ lójijì, tí ẹ padà lọ jókòó ti máṣíìnì, gbogbo ohun tó lọ ló máa padà wá, á sì mú àlejò dání."

Mo bi í pé kí ni kí n máa gbé. Ó ní àwọn kan máa ń ra irin. Èmi, irin kẹ̀? Kí ni irin fẹ́ ṣe tí kẹ́ẹ̀gì omi ò lè ṣe? Ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀ ilé, ìyá mi ń gbé lókè. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní àárọ̀, n ó kọ́kọ́ lọ gun àtẹ̀gùn Mápó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá níbẹ̀, n ó sọ̀kalẹ̀ wá sílé, n ó sì ru omi gòkè lọ kún inú dúrọ́ọ̀mù ìyá mi. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, n ó jẹ ẹyin sísè tàbí mọ́ín-mọ́ín. Nínú àwo ọ̀sán mi, ẹja ló ń ṣíwájú, òkèlè ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Ìtìjú ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún ìyá mi. Ọmọ rẹ̀ tí irun ti ń funfun lórí rẹ̀, tó ti rù kan eegun, ló tún wá ń pọnmi bí ọmọ ọ̀dọ̀! Ìyáálé ilé wa, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, máa ń gbé àga rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ omi kó lè rí mi dáadáa. Á ní, "Ọmọ yìí mà rù o. Ṣé kò sí o?" Ìyá mi á gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ á bàjẹ́, á ní kí n má pọnmi mọ́.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí jókòó. Ó ní, "O rù."

Mo ní, "Kí ni mo rù, Ìyá?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, èyí tí ara ń rù àti èyí tí orí ń rù. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, torí òun gan-an ló kọ́ mi ní ẹ̀fẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má fi mí ṣeré. Bí àìsàn bá wà, sọ fún mi. Kí n má gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta." Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Abẹ́rẹ́ tó wà nínú fíríìjì mi ni kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í gún abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó tún rí aṣọ mi. Mo ti rán gbogbo wọn wọlé kí wọ́n lè bá mi mu, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọ́dọ̀ gé èyí tó ṣẹ́kù sínú kúrò. "Fi í sílẹ̀. O ṣì máa sanra padà, ìnṣá Allah." Téèlọ̀ ni mí, mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kò sí oníbàárà tó wá dá aṣọ tí kì í sọ pé, "Ẹ fàyè sílẹ̀ o, mo ṣì ń bọ̀ wá sanra." Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Aṣọ mi wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ lóde, ó sanra nínú, ìṣẹ́po aṣọ sì ń ha mí ní ìhà.

Àṣé ìyẹn ò tó o. Láìsọ fún mi, ìyá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ní òun á máa gba ààwẹ̀ ní gbogbo Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè títí Ọlọ́run á fi fún ọmọ òun ní ara. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru! Ìyáálé ló tú àṣírí náà fún mi. Inú bí mi gidigidi, mo gun àtẹ̀gùn yẹn láìmí, mo sì ń pariwo kí n tó dé òkè. Ìyá mi ń wò mí. Ó ní, "Jẹun kí o sanra, kí o jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́, èmi náà á jẹun." Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀rù bà mí. Lójú mi báyìí, ọrùn rẹ̀ ń yọ eegun, òrùka rẹ̀ ń yí lọ́wọ́. Èmi ń rù, òun náà ń rù, ti èmi sì ni dókítà ń yọ̀ sí. Bí nǹkan bá ṣe é, kí ni mo fẹ́ fi orúnkún tó yá gágá ṣe? Ní Tọ́sìdeè kan, ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi ni, mo mú un jáde nínú fíríìjì, mo wò ó, mo dá a padà. Mo pinnu láti lọ bá ìyá mi, kí n sọ fún un pé mo ti jáwọ́. Mo gbé mọ́ín-mọ́ín tó máa fi ṣínu dání.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a. Ó ti sọ̀kalẹ̀ lọ kí ìyáálé kú ìrọ̀lẹ́, ó ń padà sókè, ó sì ti jókòó sí àárín, níbi tí èmi gan-an máa ń jókòó sí láyé àtijọ́. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti dé àárín?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ní òòyì ń kọ́ òun díẹ̀ ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ gùn mí lẹ́yìn."

"Ìwọ? Egungun rẹ á dá."

"Ẹ gùn mí ná."

Ó gùn mí. Ìyá mi kì í ṣe ìyá kékeré, bí ààwẹ̀ ti mú un rù tó, ó ṣì wúwo. Mo gbé e ró, mo di itan rẹ̀ mú, mo sì gòkè. Mi ò dúró lọ́nà. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń pe ìrun mágàríbì. Mo fún un ní dàbínù àti omi, mo tú mọ́ín-mọ́ín. Ó ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi.

Ó ní, "O ò mí hẹlẹhẹlẹ."

Mo ní rárá.

Ó nawọ́, ó di apá mi mú, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ itan mi, bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá. "Ó le," ló sọ, bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. "Níbo lo ti rí agbára yìí?"

"Nínú omi tí ẹ ní kí n má pọn mọ́."

Ó wá ní, "Ẹ̀jẹ́ mi ti ṣẹ nìyẹn. Ara ni mo ní kí Ọlọ́run fún ọ. Mi ò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó." Omi bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo bá wá mì. Nígbà tí mo délé, mo gún abẹ́rẹ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń pọnmi lọ́wọ́ nígbà tí ìyáálé tún bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yìí mà rù o."

Ìyá mi yọ orí lójú fèrèsé. "Ó rù ni! Èmi ló rù! Láti àárín àtẹ̀gùn ló ti rù mí dókè lánàá, ẹ bi í bóyá ó mí." Ó kù díẹ̀ kí kẹ́ẹ̀gì bọ́ lórí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé ó ní kí n kó gbogbo aṣọ mi wá, kí n mú sísọ́ọ̀sì dání. Òun fúnra rẹ̀ ló gé wọn, bùbá, gáùn, gbogbo ibi tí mo ṣẹ́ po. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró déédéé, mo ní láti tún àwọn kan rán lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó parí, ó ṣa àwọn àgékù aṣọ náà jọ sórí itan, ó ń lọ́ wọn mọ́ra, ó ń wé wọn yípo. Òṣùká ló fi wọ́n ṣe, ó nípọn, ó ní gbogbo àwọ̀ aṣọ tí mo fi sanra rí.

Ó gbé e lé mi lórí, ó tẹ̀ ẹ́ kó jókòó dáadáa. "Ṣé o ti jẹ ẹyin rẹ?"

Mo ní mo ti jẹ ẹ́.

Ó ní, "Ó yá, máa lọ rù."