Ìtàkùn Tó Ń Mu Omi Ìwẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kábà, ilé tiwa nìkan ni ìtàkùn olódòdó fà mọ́ ní gbogbo àdúgbò. Ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn ará ilé tó yí wa ká ń gbìn, ohun tí ẹnu yóò jẹ. Ìyá mi ní tirẹ̀ lọ tọrọ ẹ̀ka ìtàkùn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Mọ̀pà, ó gbé e wálé nínú agolo mílíìkì, ó sì gbìn ín sí abẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀. Òdòdó funfun ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kì í là lójú oòrùn. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú ara rẹ̀ sílẹ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì bá wa nídìí iyán. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní òdòdó tó ń sá fún oòrùn, ó yẹ kí á bi í léèrè ohun tó ṣe.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ tó ń jókòó lásán láyé ìgbà náà. Bíbọ́ ìtàkùn yìí ni iṣẹ́ tèmi. Bí mo bá gbálẹ̀, tí mo pọnmi tán, màá kó ìgbẹ́ ewúrẹ́, màá pò ó mọ́ eérú ìdí ààrò, màá wá fi èèpo iṣu bò ó títí yóò fi jẹrà. Ìyá mi ní ìgbẹ́ tútù a máa jó gbòǹgbò. Bó bá jẹrà tán, màá tú ilẹ̀ yí ìdí ìtàkùn ká, màá bù ú sí i, màá wá da omi tí a fi bó ẹ̀wà ọ̀ọ̀lẹ̀ lé e. Bí mo bá dà á lu ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, etí mi ni yóò jìyà rẹ̀. Bí mo bá sì kọ́kọ́ sá lọ ṣeré tẹ́ńtẹ́ń, kíkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ sókè, ojú sí ìtàkùn, kí èmi àti òun lè jọ rò ó. Àwọn ìjàlọ ìdí rẹ̀ kò bìkítà pé mo ti ń jẹ ìyà kan lọ́wọ́.

Ọdún kan, nígbà ọyẹ́, ìyá mi bí ọmọkùnrin. Kò tíì mọ ẹ̀rín rín tí ibà fi mú un lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá àgbà àti àbúrò bàbá mi gbé e jáde. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ibi tí a sin ọmọdé sí han òbí rẹ̀. Òbí kì í béèrè, ẹni tó bá sì mọ̀ kì í sọ. Gbogbo ẹni tó wọlé ń kí i pé, "Okun o. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá mi ń dá wọn lóhùn, ó ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá ilẹ̀ kiri. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tó dé abẹ́ fèrèsé, ó rí ilẹ̀ tó rọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Èmi ni mo tú u láti bu ìgbẹ́ sí i. Kò bi mí, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé omi kaná bí ó ti máa ń ṣe fún ọmọ náà. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, ó gbé e wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. A ń gbọ́ omi tó ń ta, a ń gbọ́ ọwọ́ tó ń rọra gbá ara, a ń gbọ́ orin tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Nígbà tó jáde, ó gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ dà á fún ìtàkùn. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì funfun díẹ̀. Mo rò pé ọṣẹ ni. Ọdún tí èmi fúnra mi ń fún ọmọ lọ́mú ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ọṣẹ. Lọ́jọ́ náà mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹní wà nílẹ̀, ìgò àdí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun kékeré kan wà lórí ẹní, ó tutù láàárín. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe láràárọ̀. Ọyẹ́ gbẹ gbogbo nǹkan, àní ewúro gan-an rọ, ṣùgbọ́n ìtàkùn náà ń dúdú sí i ni. Ó gun ògiri dé orí páànù, ó gba àárín irin fèrèsé wọlé, ó sì wé mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn ìyá mi. Àwọn ewúrẹ́ tó jẹ ìwé iléèwé mi kò fẹnu kàn án. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, mo lè búra pé inú yàrá ni gbogbo òdòdó náà kọjú sí. Bàbá mi ní ojú ọmọdé ni mo fi ń wò ó. Síbẹ̀, òun náà kì í gba ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjá mọ́.

Kì í ṣe ìtàkùn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyá mi ni. Kì í jẹun yó, ó gbàgbé láti dirun fún mi, ó sì máa ń dáhùn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é. Ó dà bíi pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ síbi tí ó ti ń wẹ ọmọ yẹn, pé lọ́jọ́ kan màá ṣílẹ̀kùn, abọ́ omi nìkan ni màá bá. Bàbá mi náà rí i. Ó yọ àdá, ó ní òun ń gé ìtàkùn náà dànù. Ìyá àgbà tó kórìíra ìtàkùn náà ló lọ dúró síwájú rẹ̀. "Má gé e," ló wí. "Ọwọ́ ìyàwó mi ò gbọdọ̀ ṣófo báyìí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé omi kaná. Ó bá ìyá mi wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ohùn méjì ni a sì ń gbọ́ nínú orin náà. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Nígbà tí iṣu tuntun fi máa jáde, ó ti ń dirun fún mi. Nígbà tó yá, ó bí àbúrò mi, Dàre, omi ìwẹ̀ tirẹ̀ náà sì ń lọ sídìí ìtàkùn. Ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí mo ń gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n ń wẹ̀.

Ìyá àgbà ti sùn tipẹ́. Láìpẹ́ yìí ni Dàre ní òun fẹ́ fi síméǹtì pa gbogbo àyíká ilé, ó sì mú àwọn lébìrà wá láti hú ìtàkùn náà. Ìyá mi, tó ti di arúgbó báyìí, jókòó sórí àga, ó ń wò wọ́n. Èmi dúró sétí kòtò. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ó fi mu ènìyàn dé ìbàdí. Ilẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò tó ki bí ọrùn ọwọ́ nìkan ni wọ́n rí.

Mo lọ kúnlẹ̀ ti ìyá mi, mo rọra sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí ìyá àgbà rẹ bá mi wọ yàrá ló ti sọ fún mi pé ọmọ ò sí níbẹ̀."

Mo bi í pé kí ló wá dé tí a fi ń gbé omi lọ síbẹ̀ títí Dàre fi dé.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Ọmú mi kún," ló wí. "Níbo ni kí n dà á sí?"

Lónìí, bí obìnrin bá pàdánù ọmọ, àwọn ènìyàn á kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, àwọn mìíràn á sì fi ibojì ọmọ náà hàn án, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Èyí dára, n kò ní purọ́. Ní ọsibítù, wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò gbẹ omi ọmú, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tiwa, kò sí oògùn yẹn. Ìtàkùn ló bá ìyá mi mu omi ọmú náà.