Ẹyẹ Tí Kò Ní Pépà

Olùkọ́ bayọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì, ló sọ bọ́ìskọ́tà ẹ̀yìn ilé wọn n'Ígándò di músíọ̀mù. Yàrá méjì péré ni ṣá. Ejò wà nínú ìgò, egungun orí ọ̀bọ wà, àti ẹyẹ gbígbẹ mẹ́tàdínlógún tí àwọn ọdẹ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ. Èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ibẹ̀; Bàbá ni mò ń pè wọ́n. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ mo ka gbogbo ìwé Bàbá tán.

Bàbá kì í gba nǹkan kan láìsí pépà. A máa fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ, a ti kọ ọ́ sí i: ibi tí wọ́n ti pa á, ìgbà wo, ta ló mú un wá.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ wọn fẹ́ fi ayálégbé sí yàrá yẹn. Yunifásítì kan ní àwọn máa wá kó ẹrù náà lọ́jọ́bọ̀. Ó ti rẹ Bàbá, ó rẹ èmi náà, àmọ́ ó ṣáà sàn ju ààtàn lọ.

Ọjọ́ Ajé lòjò wọlé. Omi òrùlé aládùúgbò ló ń dà sórí tiwa. Gbogbo ẹyẹ ló rin. Mo sá wọn sórí ẹní bí ẹni sá èlùbọ́. Mo tú pépà kúrò lẹ́sẹ̀ wọn kí okùn má bàa jẹrà, mo to kálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ tiẹ̀. Ẹni tó sá èlùbọ́, ṣebí ó yẹ kó jókòó tì í. Èmi lọ bá aládùúgbò jà.

"Ẹ̀yin lẹ da omi lé wa lórí."

"Ọ̀gá òkú ẹyẹ, lọ bá òjò sọ ọ́ jàre."

Kí n tó pariwo tán kí n padà dé, adìẹ ti tú gbogbo pépà ká.

Bàbá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n so wọ́n padà, sà. Mẹ́rin dá mi lójú. Ìyókù, ta ló máa mọ̀?"

"Ìyókù yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n, àbí o rò ó?"

"Mo rò ó, sà."

"Mẹ́rin yẹn ni kó o so."

Inú bí mi sí wọn. Mẹ́rin náà ni mo so.

Lọ́jọ́bọ̀, obìnrin tí yunifásítì rán wá yẹ ẹsẹ̀ ẹyẹ wò níkọ̀ọ̀kan. Ó kó ejò, ó kó egungun, ó mú ẹyẹ mẹ́rin.

"Àwọn yìí ńkọ́, mà?"

"A ò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ má bínú."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mẹ́tàlá tó kù wọ inú páálí kan. Mo gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí yàrá mi n'Íjẹ̀gùn. Bàbá ní kí n máa yà wá kí àwọn. Mi ò tíì lọ.