Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Tẹlifíṣọ̀n

Ojú mi báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi. Lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary, ní Canada tí a ń gbé, tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ni bàbá ìyàwó mi kú ní Ìsẹ́yìn. A kò rówó ọkọ̀ òfuurufú. Ìyàwó mi ní bí òun bá ṣáà lè gbọ́ ohùn bàbá òun lọ́jọ́ fìdáù, ó tó òun.

Fídíò ìkómọ ọmọ wa wà nínú dísìkì, èyí tí èmi fúnra mi fi kámẹ́rà HD yà nígbà tí bàbá wá kí wa. A ki dísìkì bọ inú DVD player, kò ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé basement wa, yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ní, “Ẹ̀gbọ́n, dísìkì yìí ti kú o. Ẹ jù ú nù.”

Mo ní, “Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ èmi ni mo yà á. Agbára ẹ̀rọ yìí ni kò gbé e. Ẹ̀rọ Blu-ray tó ń ka fídíò HD ló máa gbé e.”

Mo wọ train lọ yá ti ọ̀rẹ́ mi ní àdúgbò Beltline. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, bàbá yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣàdúrà fún wa. N kò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna mi.

Ọmọ mi ní, “Daddy, he can't see you.”

Ìyàwó mi ní, “Fi bàbá ẹ sílẹ̀, ó ń kí àna rẹ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò lè wò mí lójú.

Dísìkì mẹ́rin ni. A rí mẹ́ta wò. Ọ̀kan ti ha kọjá àtúnṣe, èyí tí bàbá ti ń pe orúkọ ọmọ.