Ìwé Tí Motúnráyọ̀ Kò Fẹ́ Fọwọ́ Sí

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà fi wà nínú ìwé àdúrà Motúnráyọ̀ Akíndàmọ́lá, níbi tí ó máa ń tọ́jú ohun tó ń dẹ́rù bà á sí. Ojú ewé kan péré ni. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí Ìdẹ̀raolúwa ọmọ rẹ̀ ń lọ ní Rexdale, ní Kánádà, ló fi í ránṣẹ́: kí òbí fọwọ́ sí i, kí ọmọ lè máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ láti kọ́ nípa ìtọ́jú aláìsàn, kí máàkì rẹ̀ sì wúlò fún girama àti fún kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni gbèdéke.

Òbí mìíràn ìbá fò fáyọ̀. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ kì í ṣe yunifásítì, Poli sì ni Motúnráyọ̀ ti jáde, ní Ìbàdàn. HND rẹ̀ ló gbé lọ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkejà, níbi tí ó ti kọ́ ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé níṣẹ́. Kí ọdún tó yí po, ọmọdébìnrin náà ti di ọ̀gá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó ń wọ Poli pé kò sí ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti yunifásítì. Nítorí náà, nígbà tí olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ sọ fún un lórí fóònù pé ilẹ̀kùn yunifásítì ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Ìdẹ̀ra, àyà rẹ̀ já.

Ó ní òun yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ó sì gbà á lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe ìdáhùn ló ń retí. Ó ń retí kí aago mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, Ìdẹ̀ra dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, please. Òní ni deadline."

"Mo ṣì ń gbàdúrà sí i."

"Láti Ọjọ́rú? Ṣé Ọlọ́run ò tíì kà á tán ni?"

"Má fi Ọlọ́run ṣeré! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní ọmọ Poli ni?"

"Kò sẹ́ni tó mọ Poli níbí, Mọ́mì."

"Orúkọ rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Nǹkan náà wà níbí."

Ọmọ náà gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ó dáa. Mo máa pé ọdún méjìdínlógún ní November. Tó bá ti dìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni mo máa sign ìwé mi."

Kò pariwo. Kò tilẹ̀ bínú. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ jù. Ilẹ̀kùn pa dé, Motúnráyọ̀ sì jókòó, ó ń ka oṣù lórí ìka. Ẹ̀rù kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rù tuntun yìí: pé láìpẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò fi ìwé kankan ránṣẹ́ sí òun mọ́.

Nígbà tí aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, ó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó sáré wọ ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún akọ̀wé kan tí òun lè bí lọ́mọ. Orí káńtà ló ti fọwọ́ sí i. Ó fi ìkánjú kọ ọ́ débi pé orúkọ náà kò jọ èyí tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Akọ̀wé náà kò wò ó. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó jù ú sórí àwọn yòókù.

"Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá yí ọkàn padà ńkọ́?"

"Ẹ ní títí di ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀."

Motúnráyọ̀ ní kí ó bá òun kọ ọjọ́ náà sórí bébà kékeré kan. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣí ìwé àdúrà rẹ̀, ó sì fi bébà kékeré náà sí ibi tí èyí àkọ́kọ́ ti kúrò.